Bí A Ṣe Ń Ka Ìlò Ìrántí àti Cache Lórí Kọ̀ǹpútà Linux

Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lo Linux kì í pẹ́ tí yóò fi ṣí tẹ́míínà, tí yóò tẹ `free -h`, tí àyà rẹ̀ yóò sì já. Kọ̀ǹpútà tí ó mọ̀ pé ó ní ìrántí gígábáìtì 8 ń sọ fún un pé mẹ́gábáìtì 312 péré ló ṣófo, bẹ́ẹ̀ aṣàwákiri kan àti ìwé kan tí ó ń kọ lọ́wọ́ nìkan ni ó ṣí sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ètò tí yóò bá wọn gbá ìrántí mọ́, tí àwọn mìíràn sì ń náwó lé RAM (ìrántí yìí kan náà) tí wọn kò nílò. Nínú gbogbo nọ́ńbà tí àṣẹ yẹn ń tẹ̀ jáde, èyí tí ó wà lábẹ́ `free` ni ó wúlò kéré jù. Ohun tí ó yẹ kí a máa wò ni iye tí ètò tuntun lè rí gbà bí ó bá béèrè, àti bóyá àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ń dúró de ìrántí kí wọ́n tó lè tẹ̀ síwájú.

Kíka ohun tí `free` tẹ̀ jáde

Báyìí ni àbájáde àṣẹ náà ṣe lè rí lórí irú kọ̀ǹpútà tí a ń sọ:

```
               total        used        free      shared  buff/cache   available
Mem:           7.6Gi       3.1Gi       312Mi       418Mi       4.6Gi       4.5Gi
Swap:          2.0Gi          0B       2.0Gi
```

Ohun tí ó wà lábẹ́ `total` ni gbogbo ìrántí tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux tí ń pín ìrántí fún àwọn ètò, rí pín. Kò pé 8, nítorí pé kernel fúnra rẹ̀ ti mú díẹ̀, ẹ̀rọ àwòrán tí kò ní ìrántí tirẹ̀ sì lè ti gba ìpín tirẹ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. `Free` ni apá tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ rárá, tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní ní àkókò yẹn. `Buff/cache` ni ibi tí kernel ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ó ti kà láti orí díìsìkì sí, àti ohun tí ó ń múra láti kọ sórí rẹ̀. `Available` ló ń dáhùn ìbéèrè tí ó gbé wa dé ìdí àṣẹ yìí: bí mo bá ṣí ètò tuntun nísinsìnyí, ìrántí mélòó ni yóò rí gbà láìjẹ́ pé kernel ní láti kó ẹrù ẹlòmíràn lọ sí swap, àyè tí a yà sọ́tọ̀, lórí díìsìkì lọ́pọ̀ ìgbà, fún ohun tí RAM kò gbà mọ́? Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìdáhùn náà ni gígábáìtì 4.5. Kọ̀ǹpútà tí ẹnìkan rò pé ó ti fẹ́ kún ṣì ní ju ìdajì ìrántí rẹ̀ lọ ní ìkáwọ́.

Àkọlé `available` kò sí nínú `free` tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní láti wo ìlà kejì tí a kọ `-/+ buffers/cache` sí níwájú, ọ̀pọ̀ ìtọ́sọ́nà àtijọ́ sì ṣì ń fi ìlà yẹn han àwọn òǹkàwé tí kò ní rí i lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Ọdún 2014 ni kernel 3.14 fi `MemAvailable` kún fáìlì `/proc/meminfo`. Láàárín ọdún kan náà ni procps-ng 3.3.10, àkójọ tí `free` wà nínú rẹ̀, pa ìlà àtijọ́ yẹn rẹ́. Ìyípadà yìí bọ́gbọ́n mu, nítorí pé kì í ṣe gbogbo cache ni a lè dà nù, kernel kò sì gbọdọ̀ lo ìrántí rẹ̀ tán pátápátá. Kernel nìkan ni ó mọ iye tí ó yẹ kí a yọ, kódà òun náà ń fojú bù ú ni. Nítorí náà, kí a má ṣe ka `available` sí iye tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n. Ìfojúbù tí ó ṣeé gbára lé ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ìṣirò yóò ti rí i pé 3.1, 0.3 àti 4.6 ju 7.6 lọ. Kì í ṣe àṣìṣe. Nínú àwọn ẹ̀dà procps tuntun, ohun tí ó wà lábẹ́ `used` ni `total` tí a yọ `available` kúrò nínú rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹ̀dà tí ó ṣáájú ń yọ `free` àti `buff/cache` kúrò nínú `total`. Kọ̀ǹpútà wa yìí kan náà yóò sọ 2.7 lábẹ́ ẹ̀dà àtijọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì kò jìnnà sí iye tí ó wà lábẹ́ `shared`, èmi yóò sì padà sórí ìyẹn. Títí dìgbà náà, ẹ má ṣe fi `used` kọ̀ǹpútà kan wé ti òmíràn bí ẹ kò bá mọ ẹ̀dà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lò.

Ohun tí ó wà nínú cache

Kernel pín ìrántí sí àwọn ojú-ìwé kéékèèké, èyí tí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ báìtì 4096 lórí kọ̀ǹpútà x86-64. Nígbà tí ètò kan bá ní kí a ka fáìlì, kernel yóò kọ́kọ́ gbé àwọn ojú-ìwé fáìlì náà sínú ìrántí, yóò sì fún ètò náà ní ohun tí ó béèrè láti ibẹ̀. Bí ètò náà bá pa fáìlì dé, tàbí tí ètò náà fúnra rẹ̀ bá parí, àwọn ojú-ìwé yẹn kì í lọ. Wọn yóò dúró síbẹ̀ títí ẹlòmíràn yóò fi nílò àyè náà, ẹni tí ó bá tún béèrè fáìlì kan náà yóò sì rí i gbà láìsí pé díìsìkì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí fún kóòdù àwọn ètò àti àwọn àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, irú bíi libc: ẹ̀dà kan ṣoṣo ló wà nínú ìrántí, gbogbo wọn sì ń wò ó. Ìdí nìyí tí LibreOffice fi ń pẹ́ nígbà àkọ́kọ́ tí a ṣí i lẹ́yìn tí a tan kọ̀ǹpútà, tí ó sì ń yára nígbà kejì.

Kí ọ̀rọ̀ yìí má baà jẹ́ àgbọ́sọ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ wá fáìlì ńlá kan, fídíò tàbí ISO tí ó tó gígábáìtì 2, kí ẹ tẹ àwọn àṣẹ wọ̀nyí ní ìkọ̀ọ̀kan:

```
sync
echo 1 | sudo tee /proc/sys/vm/drop_caches
free -h
time cat fidio.mkv > /dev/null
free -h
time cat fidio.mkv > /dev/null
```

Lórí díìsìkì oníyíyí, kíkà àkọ́kọ́ lè gba bí ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20; kíkà kejì kì í sábà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Lórí NVMe, irú díìsìkì tí ó yára tí kò ní ohun tí ń yí, àlàfo náà kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì hàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí jù ni `free` méjèèjì: `buff/cache` yóò ti ga sókè ní nǹkan bí gígábáìtì 2, `free` yóò ti wálẹ̀ ní iye kan náà, `available` kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò níbi tí ó wà. Fáìlì kíkà lásán ti “jẹ” ìrántí gígábáìtì 2, kò sì sí ètò kankan tí ó pàdánù ohunkóhun. Bí ẹ bá fẹ́ rí iye fáìlì náà tí ó wà nínú cache gan-an, ẹ tẹ `fincore fidio.mkv`, àṣẹ tí ó ń bá util-linux wá. Fáìlì tí ó jẹ́ gígábáìtì 2 géérégé, tí gbogbo rẹ̀ wà nínú ìrántí, yóò fi ojú-ìwé 524288 hàn.

Nígbà tí ètò kan bá wá béèrè ìrántí tí kò sí lábẹ́ `free`, kernel yóò wá àwọn ojú-ìwé tí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kàn. Bí ojú-ìwé náà bá bá ohun tí ó wà lórí díìsìkì mu, kò sí ohun tí a ní láti kọ sí ibikíbi. Kernel yóò kàn gbàgbé rẹ̀, yóò sì gbé àyè náà fún ẹni tí ó béèrè. Irú cache bẹ́ẹ̀ dà bí ẹni tí ó jókòó sórí àga ẹlòmíràn nígbà tí ẹni tí ó ni ín kò tíì dé: bí ẹni tó ni àga bá yọ, yóò dìde láìjiyàn. Láti kernel 6.1, tí ó jáde ní òpin ọdún 2022, ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń pè ní MGLRU wà fún mímọ ojú-ìwé tí ó yẹ kí ó dìde, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí i nìkan ni yóò jẹ àǹfààní rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà Linux kan ti bá wa ṣí i.

Apá mìíràn nínú cache kì í ṣe ti ohun tí ó wà nínú fáìlì, bí kò ṣe ti orúkọ àti àdírẹ́sì fáìlì. Bí ẹ bá fi `find` wá nǹkan káàkiri gbogbo díìsìkì, `SReclaimable` nínú `/proc/meminfo` yóò wú. Òun náà ṣeé gbà padà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rí i ní kíkún lè lo `sudo slabtop`.

Èyí tí kì í dìde

Ohun tí ó wà lábẹ́ `shared` wà nínú `buff/cache`, síbẹ̀ kernel kò lè dà á nù, nítorí pé kò sí ẹ̀dà rẹ̀ lórí díìsìkì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni tmpfs, ìyẹn àwọn àpò fáìlì tí ó ń gbé inú ìrántí nìkan: `/dev/shm`, `/run`, àti `/tmp` lórí Fedora, Arch àti Debian 13. Ẹni tí ó bá gba ISO gígábáìtì 3 sínú `/tmp` lórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti ná gígábáìtì 3 nínú RAM rẹ̀, àyàfi bí kernel bá rí apá kan kó lọ sí swap, kò sì sí ètò kankan tí orúkọ rẹ̀ yóò jáde nínú `top` gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mú un. Mo gbà pé òun ni ìdí tí ó fara pa mọ́ jù lọ nígbà tí ẹnìkan bá ní òun ti pa gbogbo ètò dé tí ìrántí kò sì padà. `df -h -t tmpfs` yóò fi ohun tí ó wà níbẹ̀ hàn. Bí a kò bá yan òmíràn, tmpfs kọ̀ọ̀kan lè gbòòrò títí dé ìdajì RAM.

Àwọn tí ń lo ZFS, ọ̀nà kan láti to fáìlì sórí díìsìkì, ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Cache rẹ̀, tí ń jẹ́ ARC, kì í hàn lábẹ́ `buff/cache`; abẹ́ `used` ni ó ń bọ́ sí, `available` kò sì kà á kún ohun tí a lè rí gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ARC máa ń sún kì bí ìrántí bá há. Kí wọ́n tó pariwo, kí wọ́n kọ́kọ́ wo `arc_summary`.

Ohun tí a kọ tí kò tíì dé orí díìsìkì

Cache kì í ṣe ti kíkà nìkan. Nígbà tí ètò kan bá kọ nǹkan sínú fáìlì, inú ìrántí ni ó ń kọ ọ́ sí ní àkọ́kọ́. Kernel yóò sọ fún un pé ó ti parí, yóò sì máa gbé e lọ sórí díìsìkì nígbà tí ó bá yá. Ojú-ìwé tí ó wà ní ipò yìí ni a ń pè ní dirty. Lórí díìsìkì tí ó yára, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ ọ́n lára. Orí fláàṣì ni ọ̀rọ̀ ti ń di àríyànjiyàn: a ń da fídíò gígábáìtì 1 kọ, ìlà tí ń fi bí iṣẹ́ ṣe ń lọ hàn sáré dé 100% láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, lẹ́yìn náà a ní kí a yọ fláàṣì, kọ̀ǹpútà sì ní kí a dúró, a dúró títí. Ẹni tí kò bá ní sùúrù yóò fà á yọ, ìdajì fídíò náà yóò sì ṣègbé.

Ẹ ṣí tẹ́míínà kejì nígbà tí ẹ bá ń da nǹkan kọ, kí ẹ tẹ èyí:

```
watch -n1 "grep -E '^(Dirty|Writeback):' /proc/meminfo"
```

Ẹ óò rí `Dirty` tí ń fò sókè dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì, tí yóò sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí fláàṣì ṣe ń gbé e mì. Ìgbà tí ó bá súnmọ́ òdo ni iṣẹ́ parí ní tòótọ́, kì í ṣe ìgbà tí ìlà dé 100%. Àṣẹ `sync` pẹ̀lú kì í dá tẹ́míínà padà fún yín títí ohun gbogbo yóò fi dé ibi tí ó ń lọ.

Òfin tí kernel ń tẹ̀ lé níbí kò ṣòro. Ojú-ìwé tí ó bá ti wà ní dirty fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 gbọdọ̀ lọ. Kernel ń jí ní ìṣẹ́jú-àáyá 5-5 láti wò ó. Bí dirty bá tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìrántí tí ó ṣeé lò, kíkọ yóò bẹ̀rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ láìdúró de 30 yẹn. Bí ó bá tó ìdá 20, ètò tí ń kọ náà yóò di ẹni tí a dá dúró kí díìsìkì lè bá a. Lórí kọ̀ǹpútà tí RAM rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 32, ìdá 20 jẹ́ ẹrù tó pọ̀ jù fún fláàṣì tí ó lọ́ra. Ẹni tí ó ń lo fláàṣì lójoojúmọ́ lè fi iye báìtì rọ́pò ìdá náà, nípa kíkọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì `/etc/sysctl.d/90-dirty.conf`:

```
vm.dirty_background_bytes = 67108864
vm.dirty_bytes = 268435456
```

Mẹ́gábáìtì 64 àti 256 nìyẹn. Lẹ́yìn `sudo sysctl --system`, ìlà tí ń sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ yóò máa sọ òtítọ́ tí ó súnmọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ má ṣe fà á wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ; kíkọ kéékèèké tí kò dáwọ́ dúró yóò mú kí díìsìkì yòókù lọ́ra láìnídìí.

Nípa “fífọ” ìrántí

A ti lo `drop_caches` lókè fún ìdánwò, ìdánwò nìkan ni ó sì wà fún. Bí a bá kọ 1 sínú rẹ̀, yóò da ojú-ìwé fáìlì nù. 2 yóò da orúkọ àti àdírẹ́sì fáìlì nù. 3 yóò da méjèèjì nù. Kì í fọwọ́ kan ohun tí ó wà ní dirty, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú `sync`. Mo ti rí ìtọ́sọ́nà tí ó ní kí ènìyàn fi cron, ètò tí ń ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ní àkókò tí a yàn, ṣe é ní wákàtí wákàtí. Ohun tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń sọ ohun tí kọ̀ǹpútà ti kọ́ nù, kí díìsìkì lè tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí `free` sì lè dára lójú. `Available` kò ní yí padà ju bí ó ṣe wà lọ.

Ta ló mú ìrántí dání?

Nínú `top`, ẹ tẹ lẹ́tà ńlá M kí ó to àwọn ètò ní ìbámu pẹ̀lú ìrántí tí wọ́n mú. `VIRT` kò yẹ kí ó dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni: àdírẹ́sì tí ètò náà yà sọ́tọ̀ ni, kì í ṣe RAM tí ó gbà, àwọn aṣàwákiri kan sì máa ń yà á sọ́tọ̀ ju gbogbo RAM inú kọ̀ǹpútà lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. `RES` ni èyí tí ó wà nínú RAM ní tòótọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ohun tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò wà nínú `RES` ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ètò 4 bá jọ ń lo àkójọ kóòdù mẹ́gábáìtì 12 kan, ẹni tí ó bá ro `RES` wọn pọ̀ yóò ka 48 síbi tí 12 wà. Aṣàwákiri òde òní, tí ó ń fọ́ ara rẹ̀ sí ètò kéékèèké mẹ́wàá, ogún, ni irú ìròpọ̀ yìí ń ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe aláìṣẹ̀ pátápátá.

Òṣùwọ̀n tí ó tọ́ ni PSS, tí ó pín ohun àjọlò dọ́gba láàárín àwọn tí ń lò ó: nínú àpẹẹrẹ wa, 3 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ti fi smem sórí kọ̀ǹpútà yín, `smem -tk -P firefox` yóò ro gbogbo ètò Firefox pọ̀ ní ìsàlẹ̀ lábẹ́ PSS. Ó tún ń fi USS hàn, ìyẹn iye tí yóò padà wá sọ́wọ́ yín bí ètò náà bá kú. Láìsí smem, kernel 4.14 sókè ń kọ PSS ètò kọ̀ọ̀kan sínú `/proc/PID/smaps_rollup`, níbi tí PID jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò náà. Fún mímọ tábù tí ó ń jẹun jù, Firefox ní `about:processes`, Chrome sì ń ṣí ojú-ewé tirẹ̀ bí a bá tẹ Shift àti Esc pọ̀.

Swap àti àìtó ìrántí

Ìrántí tí ètò ń lò fún iṣẹ́ ara rẹ̀ kò ní fáìlì lẹ́yìn, nítorí náà kernel kò lè kàn gbàgbé rẹ̀ bí ó ṣe ń gbàgbé cache. Swap ni ibi kan ṣoṣo tí ó lè kó o lọ. Bí a bá pa swap tì pátápátá, ìnira kò dópin: nígbà tí àyè bá há, kóòdù àwọn ètò tí ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni kernel yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dà nù, nítorí pé ìyẹn ní fáìlì lórí díìsìkì, yóò sì tún máa kà á padà ní ìṣẹ́jú-àáyá tí ó tẹ̀ lé e. Irú ìyẹn ni ó ń mú kí kọ̀ǹpútà dúró gbagidi, tí eku ojú rẹ̀ kò ní mira mọ́, tí iná díìsìkì sì ń ṣẹ́jú láìsinmi.

Pé swap ní mẹ́gábáìtì 600 nínú kò túmọ̀ sí wàhálà. Ó lè jẹ́ ohun tí ètò kan kó jọ láàárọ̀ tí kò sì tún wò mọ́. Ìrìn àjò ni ó yẹ kí a ṣọ́: ẹ tẹ `vmstat 1`, ẹ fojú fo ìlà àkọ́kọ́, tí ó jẹ́ àròpín láti ìgbà tí a ti tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì wo `si`, iye tí ń ti swap padà wá, àti `so`, iye tí ń lọ síbẹ̀. Bí méjèèjì bá ń fi nọ́ńbà ńlá hàn láìdáwọ́ dúró, ètò ń jà du àyè. Nípa `vm.swappiness`, tí ó máa ń jẹ́ 60, kì í ṣe ìdá RAM tí yóò kún kí swap tó bẹ̀rẹ̀, bí a ti ń sọ kiri. Ó ń sọ fún kernel bí ìnáwó swap ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìnáwó títún fáìlì kà, láti kernel 5.8 ni ó sì ti lè dé 200. Lórí kọ̀ǹpútà tí ó ń lo zram, ìyẹn swap tí a fún pọ̀ sínú RAM fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Fedora ti ń ṣe láti ẹ̀dà 33 ní ọdún 2020, iye tí ó ju 100 lọ bọ́gbọ́n mu, nítorí pé swap bẹ́ẹ̀ yára ju díìsìkì lọ.

Òṣùwọ̀n tí ó dára jù lọ fún àìtó ìrántí dé pẹ̀lú kernel 4.20 ní oṣù Kejìlá ọdún 2018. `cat /proc/pressure/memory` yóò fún yín ní ìlà méjì:

```
some avg10=0.00 avg60=0.12 avg300=0.05 total=1834021
full avg10=0.00 avg60=0.08 avg300=0.03 total=1290377
```

`Some` ni ìdá àkókò, nínú ọgọ́rùn-ún, tí ó kéré tán iṣẹ́ kan fi dúró de ìrántí. `Full` ni ìdá tí gbogbo iṣẹ́ tí ó yẹ kí ó máa lọ fi dúró pọ̀. Àwọn nọ́ńbà 10, 60 àti 300 jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá tí a fi ṣe àròpín. Kọ̀ǹpútà tí `buff/cache` rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú, tí ìlà méjèèjì yìí sì wà ní òdo, kò ní àrùn kankan. Ní ojú tèmi, bí `avg10` lórí ìlà `full` bá ń kọjá 10 nígbà iṣẹ́ ojoojúmọ́, tí `si` àti `so` náà sì ń sáré, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ RAM tuntun tó tó sọ.

Bí ìrántí bá tán pátápátá, kernel yóò yan ètò kan pa, ó sì sábà máa ń jẹ́ èyí tí ó mú ìrántí jù. Ẹni tí tábù rẹ̀ tàbí ètò rẹ̀ bá ṣàdédé pòórá lè béèrè lọ́wọ́ àkọsílẹ̀:

```
journalctl -k -b | grep -i "out of memory"
journalctl -b -u systemd-oomd
```

Bí a bá ti tún kọ̀ǹpútà tan láti ìgbà náà, kí a fi `-b -1` rọ́pò `-b`. Àṣẹ kejì wà fún Fedora 34 sókè àti Ubuntu 22.04 sókè, níbi tí systemd-oomd ti ń wo irú ìfúnpá (pressure) tí a rí lókè yẹn tí ó sì ń pa nǹkan kí kernel tó débẹ̀. Odindi àwùjọ ètò ni ó ń pa lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí aṣàwákiri fi lè lọ pẹ̀lú gbogbo tábù rẹ̀.

Dípò kí a dúró de ìyẹn, a lè fi ààlà sí ètò tí a mọ̀ pé ó ní ọ̀kánjúà:

```
systemd-run --user --scope -p MemoryHigh=2G -p MemoryMax=3G firefox
```

Ẹ rí i dájú pé Firefox kò ṣí sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fèrèsé tuntun yóò bọ́ sọ́dọ̀ èyí tí ó ti wà, ààlà náà kò sì ní mú un. Bí ó bá kọjá 2G, kernel yóò máa dín eré rẹ̀ kù, yóò sì máa gba ojú-ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. 3G ni kò gbọdọ̀ kọjá rárá, inú àwùjọ tirẹ̀ nìkan ni a ó sì ti wá ẹni tí a ó pa. Cache fáìlì tí ètò náà kà wà nínú ìṣirò yìí pẹ̀lú, nítorí náà bí ẹ bá rí i tí ó kàn 2G láìṣe ohun tó pọ̀, ẹ wo ìlà `file` nínú `memory.stat` tí ó jẹ́ ti scope náà (àwùjọ tí àṣẹ yìí dá sílẹ̀ fún Firefox) lábẹ́ `/sys/fs/cgroup` kí ẹ tó gbé ààlà sókè.